Nígbà Tí Oníbàárà Bá Ní «Ó Dára»: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ Sọ́fítíwíà Ní Ìpele-Ìpele

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà fún àwọn oníṣòwò ní Àkúrẹ́ ni ó ti mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún oṣù mẹ́fà, kí ó sì gbé odidi iṣẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìmọ̀ràn náà ti pẹ́. Ní ọdún 1970 ni Winston Royce, onímọ̀ sọ́fítíwíà ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewu ń bẹ nínú kí a fi ìdánwò sí ìparí iṣẹ́, nígbà tí ó sì di ọdún 2001, àwọn ènìyàn 17 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà pàdé ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà pé kí a bá oníbàárà ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣe pàtàkì ju kí a máa bá a jiyàn lórí àdéhùn lọ. Àwa náà ti gba èyí gbọ́. A ń lọ sí ọ́fíìsì oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, a ń fi ohun tí a ti ṣe hàn án, síbẹ̀ ohun tí a gbé kalẹ̀ nígbẹ̀yìn kì í bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Àṣìṣe tí ó ń fa èyí jù lọ ni pé a máa ń ka «ó dára» sí ìfọwọ́sí. Èmi náà ṣe é. Mo ń kọ ètò kan fún oníṣòwò kòkó kan tí àwọn àgbẹ̀ ń kó àpò wá bá láti ọ̀nà Ìdànrè, kí ó lè máa fi ṣe àkọsílẹ̀ ìwọ̀n àti owó. Nígbàkúùgbà tí mo bá dé, Bàbá yóò fún mi ní àga, èmi yóò ṣí kọ̀ǹpútà mi, èmi fúnra mi yóò máa tẹ̀ ẹ́ láti ojú ewé kan sí òmíràn. Bàbá yóò mi orí, yóò ní, «Ó dára, ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.» Ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń wọn kòkó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, kì í sọ nǹkan kan. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní oṣù kẹwàá tí wọ́n sì fẹ́ lo ètò náà, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: «Bọ̀ọ̀dá, kílò tí a máa ń yọ ńkọ́?» Kòkó tí kò tíì gbẹ dáadáa ni wọ́n máa ń yọ kílò kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó, kò sì sí ibi kankan nínú ètò mi tí a lè kọ ọ́ sí. Bákan náà, kò sí ibi tí a ti lè yọ gbèsè àgbẹ̀ tí ó ti gba owó ṣáájú ìkórè. Ohun méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nídìí ìwọ̀n. Kò sí ẹni tí ó fi pamọ́ fún mi. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni n kò bi.

Láàrin tiwa, àgbà kì í bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àlejò lójú àlejò, òṣìṣẹ́ kì í sì í tún ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣe níwájú àjèjì. «Ó dára» tí a gbọ́ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ súnmọ́ «ẹ kú iṣẹ́» ju ìdájọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè bóyá ó dára. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí yóò máa lò ó, kí ó fi ṣe òwò àná láti inú ìwé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́, kí ẹ sì wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti dúró. Kí ẹ má gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ṣòro jù. Èmi ṣì máa ń ká ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Àṣìṣe mìíràn ni bí a ṣe ń gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn kan a kọ́kọ́ kọ́ ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ yóò máa wà, wọn a wá kọ́ ojú ewé lẹ́yìn náà, tí oníbàárà kò fi ní rí nǹkan kan fọwọ́ kàn fún oṣù kan àbọ̀. Ó sàn kí ìpele kìíní gbé àpò kòkó kan ṣoṣo láti orí ìwọ̀n dé orí rìsíìtì, bí kò tilẹ̀ rẹwà. Àwọn tí ń lo Scrum, ìlànà kan fún ṣíṣe sọ́fítíwíà ní ìpele-ìpele, ní kí ìpele kan má ju oṣù kan lọ. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, ọ̀sẹ̀ méjì pàápàá ti gùn. Orí fóònù tiwọn ni kí ẹ sì ti dán an wò, níbi tí iná ti ń lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń ṣe ségesège, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà tiyín nìkan.

Ṣíṣe gbogbo ohun tí a bá gbọ́ kì í ṣe àjọṣe. Bàbá yóò sọ tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tí ń tọ́jú owó yóò sọ tirẹ̀, ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó yóò sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní òru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ abẹ́ gé. Bí ohun tuntun bá wọlé, ẹ bi í léèrè èwo nínú ti tẹ́lẹ̀ ni yóò yẹ̀ fún un.

Ẹ má sì ṣe da orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn àgbẹ̀ sí orí ẹ̀rọ tiyín nítorí ìdánwò; òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà kò fi èyí ṣeré. Orúkọ àfinúrò tó fún ìdánwò.

Ní ti owó, ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìpele-ìpele tí ó sì dá iye kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀ ti fa ìjà lẹ́sẹ̀. Owó tí oníbàárà kò tíì san yóò di ìjánu lọ́wọ́ oníbàárà, gbogbo àtúnṣe yóò sì di àríyànjiyàn. Ẹ dá owó ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ìpele kọ̀ọ̀kan sì parí sí ohun tí ó ṣeé lò, kí ẹnikẹ́ni lè dúró láìpa ẹnì kejì lára. Oníṣòwò kòkó mi dúró lẹ́yìn ìpele kẹrin. Kílò tí wọ́n ń yọ ti wà níbẹ̀, gbèsè àgbẹ̀ náà ti wà níbẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, títí kan àtẹ aláwọ̀ mèremère tí mo ti ń fi yangàn láti ọjọ́ kìíní, Bàbá ní òun kò nílò rẹ̀ mọ́.