Wọ́n mú ẹ ní ṣúpámákẹ́ẹ̀tì l'Ékòó pẹ̀lú ọjà tí o ò sanwó ẹ̀: ohun tó yẹ kóo ṣe

Tóo bá ti pé ọdún 18, tí wọ́n wá bá ọjà tí o ò sanwó ẹ̀ nínú báàgì ẹ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ọmọdé nìyẹn. Àwọn tí ò tíì pé 18 ló ní kóòtù tiwọn lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, ìwọ, iwájú májísíréètì tí wọ́n ń gbé gbogbo àgbàlagbà lọ ni wọ́n máa gbé ẹ lọ, ì báà jẹ́ roll-on kan péré lo mú. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ba ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́: ẹnì kan á sá, ẹnì kan á bá sìkiọ́rítì jà, òmíì á fọwọ́ sí ìwé tí ò kà, ojú á ti òmíì débi pé kò ní jẹ́ kí ará ilé ẹ̀ gbọ́ títí tí wọ́n á fi gbé e lọ sí Kirikiri.

Ẹ̀sùn olè jíjà ni wọ́n máa kà sí ẹ lọ́rùn. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, abala 287 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti 2015 ni, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3 ló wà níbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ṣì ń lo Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́, abala 390 ni tiwọn, ọdún 3 náà ni, àmọ́ tí ọjà bá ti tó ₦1,000 sókè ó lè di ọdún 7, ₦1,000 tí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra nǹkan gidi kan mọ́ lóde òní! Májísíréètì kì í sábà sọ ọ̀dọ́ tí kò dáràn rí sẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ nítorí ọjà kékeré o, wọ́n lè ní kóo san owó ìtanràn tàbí kóo lọ ṣiṣẹ́ ìlú, bíi gbígbálẹ̀, àmọ́ ọwọ́ májísíréètì nìyẹn wà, kò sí lọ́wọ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí o ò bá tíì jáde lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì di olè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tóo bá ti gbé nǹkan náà kúrò níbi tó wà pẹ̀lú èrò àtijí i, ó ti tó lójú òfin. Èrò yẹn gan-an ni wọ́n ní láti fi hàn, ìdí nìyẹn tí fídíò fi ṣe pàtàkì: ẹni tí ike ìpara kan há sábẹ́ àpò ìrẹsì nínú báskẹ́ẹ̀tì ẹ̀, tó sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, kò jọ ẹni tó wo ọ̀tún wo òsì, tó ya táàgì ara ẹ̀ kúrò, tó wá tì í bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo gbàgbé, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ láìpariwo, sọ fún wọn pé kí wọ́n má pa fídíò ọjọ́ yẹn rẹ́, kóo sì tọ́jú rìsíìtì àwọn ọjà tóo sanwó fún dáadáa.

Ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, má sá. Jọ̀ọ́, má sá. Tí wọ́n bá ti pariwo "olè" lé ẹ lórí ní títì Èkó, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ àlàyé, àwọn tí wọ́n ti dáná sun látàrí irú ariwo yẹn kì í ṣe ẹyọ kan kì í ṣe méjì. Má sì jà. Tóo bá gbá sìkiọ́rítì lẹ́ṣẹ̀ẹ́ torí kó má bàa gba ọjà lọ́wọ́ ẹ, ẹ̀sùn yẹn lè yí padà di ìfipájalè, ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ló sì wà lórí ìyẹn, ká wá ro ó wò, torí roll-on! Sìkiọ́rítì lè dá ẹ dúró lóòótọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fà ẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìfi falẹ̀, kò láṣẹ láti lù ẹ́, kò láṣẹ láti bọ́ ẹ síhòòhò. Òfin tó lòdì sí ìdálóró wà láti 2017, abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sì dáàbò bo iyì ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà.

Mánẹ́jà lè ní kóo sanwó ọjà kóo máa lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gba rìsíìtì, má fọwọ́ sí bébà tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí, má sì sọ PIN ẹ fún ẹnikẹ́ni.

Tó bá wá di tẹ́ṣàn, ibẹ̀ gan-an ni kóo ti fara balẹ̀ jù. Sọ orúkọ àti ọjọ́ orí ẹ bó ṣe jẹ́, má parọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí wàá fi bá lọ́yà tàbí ẹni tóo bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Pe ilé. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini, pé èèyàn á máa rò ó pé báwo ni màmá mi ṣe máa gbọ́ ọ, àmọ́ ọ̀dọ̀ wọn ni oníduúró ti máa wá, kò síbòmíì. Tí kò bá sówó lọ́yà, Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó wà, Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà wà, ọ̀fẹ́ ni. Tí wọ́n bá ní kóo kọ sítétímẹ́ǹtì, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kóo kọ, tí Yorùbá bá sì yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu jù ó lẹ́tọ̀ọ́ kóo sọ ọ́ ní Yorùbá. Kà á látòkè délẹ̀ kóo tó fọwọ́ sí i, fa ìlà sí gbogbo àlàfo tó bá ṣẹ́ kù lábẹ́, torí ìwé yẹn ni wọ́n máa kà jáde ní kóòtù.

Báìlì tẹ́ṣàn, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ òfin. Tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbẹ̀, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé ẹ lọ, tí kò bá sí, ọjọ́ méjì. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú màmá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ dípò ẹ, òfin ọlọ́pàá ti 2020 kọ̀ ọ́.

Ní kóòtù, àwọn kan á máa sọ fún ẹ pé "sọ pé o jẹ̀bi kóo tètè máa lọ sílé". Má gbà kí lọ́yà tó bá ẹ sọ̀rọ̀, torí tóo bá ti ní o jẹ̀bi, orúkọ ẹ ti wọ ìwé ọ̀daràn nìyẹn. Kó tó débẹ̀, lọ́yà lè lọ bá ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n á jáwọ́. Tí májísíréètì bá fún ẹ ní báìlì, ó sábà máa ń ní kóo mú oníduúró kan tàbí méjì wá, ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ní ìwé ẹ̀rí pé òun ń san owó orí fún ìjọba Èkó. Ìwé owó orí yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró! Tí kò bá pé, ó di ẹ̀wọ̀n Ikoyi tàbí Kirikiri nìyẹn títí á fi pé, torí náà kí ará ilé ti máa wá a kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtijápa, ẹ gbọ́ èyí o. Fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà máa bi ẹ́ bóyá wọ́n ti mú ẹ rí, kì í ṣe bóyá wọ́n dá ẹ lẹ́bi nìkan. Òfin wọn ní àánú kan fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan ṣoṣo, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ò lè ju ọdún 1 lọ ni, tiwa sì jẹ́ 3, kò wọ ibẹ̀. Síbẹ̀ má parọ́ níbẹ̀, torí irọ́ yẹn fúnra ẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ títí ayé. Nílé níbí náà, wọ́n máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹni tí wọ́n bá sì dá lẹ́bi lórí ìwà àìṣòótọ́ kò lè díje fún ilé aṣòfin títí ọdún 10 á fi kọjá.

Tí wọ́n bá fagi lé ẹjọ́ náà tàbí tí wọ́n dá ẹ sílẹ̀, má kàn dúpẹ́ kóo máa lọ. Ní kí lọ́yà bá ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ lé, ṣe fótókópì ẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ, torí ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnì kan máa tó béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ.