Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ti pa tì tipẹ́: bẹ́ ẹ ṣe máa padà sídìí ẹ̀

Ilé tí irú ẹ̀ ò sí kò pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí: aṣọ tábìlì funfun tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó sí ìdajì ẹ̀, tàbí aṣọ ìrọ̀rí, tàbí agbádá tí iṣẹ́ ọrùn ẹ̀ dúró sí agbedeméjì, wọ́n ká a sínú láílọ́ọ̀nù nísàlẹ̀ àpótí, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì tíì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lónìí.

Abẹ́rẹ́ tó wà lára ẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Tó bá ṣì wà nínú hoop, ìyẹn férémù róbótó tó máa ń na aṣọ, ẹ tú u kúrò, kẹ́ ẹ gbé e síta lọ́sàn-án kẹ́ ẹ wò ó tojú tẹ̀yìn. Ibi tí abẹ́rẹ́ jókòó sí látọjọ́ yìí á ti dípẹtà, ẹ máa rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n rúsúrúsú. Tó bá jẹ́ kọ́tìnì funfun, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ibẹ̀, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ lé e, ẹ sá a sóòrùn títí tó fi máa fẹ́ẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi omi tútù ṣàn án dáadáa, tí ò bá tíì lọ tán ẹ tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ kí omi ọsàn kan òwú aláwọ̀ o, torí ó lè ṣí i. Bílíìṣì ńkọ́? Rárá o, bílíìṣì kì í mú ìpẹtà lọ, ńṣe ló máa ń jẹ́ kó burú sí i.

Kẹ́ ẹ tó fọ gbogbo ẹ̀, ẹ fi àjákù aṣọ funfun tó tutù tẹ òwú pupa, dúdú àti búlúù inú ẹ̀, tí àwọ̀ bá ràn án ẹ má rì í sómi. Tí ò bá ràn án, omi tútù àti ọṣẹ tí ò le ti tó, ẹ má fún un, inú tówẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ ká a sí kó fa omi ẹ̀, kẹ́ ẹ sá a síbòòji.

Ẹ yí i padà wàyí. Ẹ̀yìn aṣọ ló máa sọ ohun tẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ṣe fún yín, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó gbà rán an. Òwú tí wọ́n fi ń ya òdòdó, fọ́nrán mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lọ́ pọ̀, onírúurú èèyàn á wá pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, torí náà ẹ tú ìdí òwú kan tó kù lẹ́yìn kẹ́ ẹ ka fọ́nrán ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi mẹ́ta rán ibi tí wọ́n fi méjì rán, ojú á rí i látòkèèrè.

Ẹ mú ègé òwú yẹn dání lọ sọ́jà, Òkè-Ajé ni o àbí Ṣàgámù, ẹ jáde síta ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, torí iná bọ́ọ̀bù máa ń tan ojú jẹ. Tẹ́ ẹ ò bá rí àwọ̀ kan náà, kò sí wàhálà: ẹ má fi tuntun parí òdòdó tí wọ́n ti ṣe dé ìdajì, òdòdó odindi ni kẹ́ ẹ fi ṣe, kẹ́ ẹ sì tún ṣe irú ẹ̀ sí igun kejì, á dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣètò ẹ̀ látilẹ̀. Tí òwú àtijọ́ bá ṣẹ́ kù díẹ̀, ẹ ki fọ́nrán àtijọ́ kan àti tuntun kan bọ ojú abẹ́rẹ́ kan náà, kẹ́ ẹ fi rán ibi tí méjèèjì ti pàdé.

Ọwọ́ ló wá kù, òun ló sì le jù níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń fa òwú lọ́dún náà lọ́hùn-ún kọ́ lẹ ṣe ń fà á báyìí, tó bá wá jẹ́ pé ìyá yín tàbí àǹtí yín ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìyàtọ̀ ẹ̀ á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá àjákù aṣọ tó jọ ọ́, ẹ máa fi dánra wò títí tí òwú á fi máa jókòó jẹ́ẹ́ láì fa aṣọ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ewé kékeré kan létí aṣọ, níbi tó jìnnà sí iṣẹ́ àtijọ́, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tọ́wọ́ bá ti mọ́ra kẹ́ ẹ tó wá súnmọ́ ojú ibi tí wọ́n dúró sí. Mo ti rí àwọn tó ń tú iṣẹ́ ìyá wọn tó ti kú nítorí kó lè bá tiwọn dọ́gba, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá yẹn ò ṣeé rà padà, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ lé ọwọ́ ẹ̀. Ibi tó já tàbí tí kòkòrò jẹ nìkan ni kẹ́ ẹ tú.

Kí òwú má gùn ju látorí ìka dé ìgbọ̀nwọ́ lọ, ẹ má ta kókó, ẹ ki ìdí ẹ̀ bọ abẹ́ àwọn ojú rírán tó wà lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tọ́wọ́ bá ṣá, ó máa ń ha òwú, ẹ fi òróró para lálẹ́, kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó ti aṣọ láàárọ̀.

Tó bá jẹ́ pé Ojúde Ọba lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, June 8 ló bọ́ sí ní 2025, Iléyá sì máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, ẹ má fi ọjọ́ èṣí ṣèṣirò. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé aṣọ tábìlì ńlá ò lè parí láéláé, ẹ gé ibi tó ti parí, ẹ ká etí ẹ̀, ẹ fi bo tíréè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ojú òdòdó ni kẹ́ ẹ dà délẹ̀ sórí tówẹ́ẹ̀lì tó nípọn, kó má baà tẹ́.