Bí A Ṣe Ń Fa Eléré Ìdárayá Júù Kalẹ̀ fún Gbọ̀ngàn Ògo Agbègbè

Gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ Gbọ̀ngàn Ògo, ibi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn eléré ìdárayá tó ta yọ, kí o sì yan ẹni tó wù ọ́. Ìyẹn ò le. Ibi tí mo ti ń rí ọ̀pọ̀ tó ń kùnà ni fífi ẹ̀rí hàn pé Júù ni ẹni náà, àti pé ti agbègbè yín ni.

Má fi orúkọ tàbí àmì ara aṣọ pinnu. Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1933, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Max Baer lu Max Schmeling bolẹ̀ ní Yankee Stadium ní New York, pẹ̀lú ìràwọ̀ Dáfídì, àmì àwọn Júù, lára ṣòkòtò Baer. Síbẹ̀, ìyá Baer kì í ṣe Júù, wọn ò sì tọ́ ọ nínú ẹ̀sìn náà. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ orí ìjà ti bo orúkọ ilé mọ́lẹ̀: Benjamin Leiner ni wọ́n bí Benny Leonard, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó gba bẹ́líìtì àgbáyé ní 1917. Wá Leonard nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, o ò ní rí i. Ẹbí ni kí o kọ́kọ́ bi léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: orúkọ àbísọ, sínágọ́gù, àdúgbò. Bí wọn ò bá fẹ́, fi í sílẹ̀.

Ní ti agbègbè, ibi tí wọ́n bíni sí nìkan kọ́ ló ń sọni di ọmọ ìlú. Kyiv ni wọ́n bí Eddie Gottlieb sí ní 1898, ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn Philadelphia? Ó wà lára àwọn tó dá SPHAS sílẹ̀, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó kọ lẹ́tà Hébérù sáyà aṣọ, òun náà ló sì jẹ́ olùkọ́ni Philadelphia Warriors, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mìíràn, nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ní 1947. Irú iṣẹ́ báyìí ni kí o kọ, kì í ṣe "gbajúmọ̀ ni".

Ilé ìkàwé ìjọba ni kí o ti wá ìwé ìròyìn àtijọ́. Fóònù rẹ tó láti yà á. Ya gbogbo ojú ewé, kí orúkọ ìwé ìròyìn àti déètì hàn. Èyí tí wọ́n gé déètì rẹ̀ dànù, èmi kì í kà á mọ́ ẹ̀rí. Má fi báírò kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò, yóò hàn síwájú. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọ́ sára àpòòwé.

Lẹ́tà ojú ewé kan tí o fi fa ẹni náà kalẹ̀ ti tó. Má fi ayẹyẹ sí alẹ́ Jimọ́ tàbí ọ̀sán Sátidé, torí Sábáàtì ni, kí o sì tètè ṣètò oúnjẹ tó bá òfin Júù mu. Kí wọ́n tó gbẹ́ orúkọ sára àwo ìrántí, fi í ránṣẹ́ sí ẹbí, kí wọ́n yẹ sípẹ́lì rẹ̀ wò.