Ẹni tó bá ń lọ Gberefu
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ bóòtì lọ Gberefu, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọkọ̀ òkun láyé àtijọ́ ní Àgbádárìgì, ẹ tètè lọ láàárọ̀ o, torí tẹ́ ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ lódìkejì ọ̀sà, ẹ ṣì máa fẹsẹ̀ rin yanrìn kọjá ìdí kànga tí wọ́n ti ń fún àwọn ẹrú lómi mu, títí dé etí òkun, oòrùn ọ̀sán á wá yan yín bí ẹja. Sílípáàsì lèmi wọ̀ lọ, yanrìn gbígbóná ń wọnú ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Ẹ mú omi dání. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ dáadáa bóyá owó àlọ àtàbọ̀ ló gbà, kẹ́ ẹ sì so okùn life jacket yín, ẹ má kàn gbé e kọ́ èjìká bí ìborùn.