Bí mo ṣe ń gbọ́ àwo tuntun kí n tó dá ẹjọ́ ẹ̀

Tí àwo tuntun bá jáde lọ́jọ́ Friday báyìí, kí oòrùn tó là làwọn èèyàn ti ń jà lórí ẹ̀, ẹnì kan ní ó burú, ẹnì kan ní kò sírú ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ àwo ọ̀hún tán nínú wọn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa gbọ́ orin kí n sì sọ èrò mi síta, ó ti pẹ́ díẹ̀, ohun tí mo sì rí pé ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù ni pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo la fi ń wọn gbogbo orin. Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí, ẹ ò lè gbé e lọ wọn àǹkárá. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ wá íyàpíìsì tó dáa. Kò dìgbà tó bá wọ́n o, ẹ ṣáà má fi sípíkà fóònù dá ẹjọ́. Nígbà tí HEIS tí Rema ṣe jáde ní July 2024, inú dánfó ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Ọjọ́ta là ń lọ, sípíkà tó wà lẹ́yìn mi ti ya, gbogbo ẹ̀ kàn ń ha mí létí bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù nílẹ̀ ni. Mo délé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ariwo lásán ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi íyàpíìsì sétí, mo wá gbọ́ bẹ́ẹ̀sì tó ń rìn lábẹ́ ariwo yẹn, mo gbọ́ bí ọmọ Ẹ̀dó yẹn ṣe ń fi ohùn sá tẹ̀lé ìlù bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo sì pa gbogbo ohun tí mo ti kọ rẹ́. Orin 11, kò tó 30 ìṣẹ́jú, kò sì sí ibi tó ti fún yín láyè àtijókòó. Ẹni tí gbogbo ayé ti mọ̀ mọ́ orin dídùn bíi "Calm Down", tó wá kẹ̀yìn sí adùn yẹn tó gbé nǹkan líle báyìí jáde, ó láyà. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ pa shuffle. Ẹ gbọ́ ọ látòkè délẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó. Èyí, ọ̀dọ̀ bàámi ni mo ti kọ́ ọ. Tí wọ́n bá ra àwo fúji tàbí jùjú, wọ́n á fi etí bùbá wọn nu ojú ẹ̀, wọ́n á fi ìka méjì gbé abẹ́rẹ́ lé e jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ojú kìíní á fi tán. Ojú kan nígbà yẹn lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń lọ bíi ogún ìṣẹ́jú, Barrister á ti ibì kan bọ́ sí ibòmíì, á ki olówó, á gbàdúrà, á padà sórí ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀, ìlù ò sì ní dúró. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ohun tí Asake ṣe ní 2022 nínú Mr. Money With The Vibe á yé yín dáadáa, orin 12 láàárín bíi ààbọ̀ wákàtí, Magicsticks, ẹni tó máa ń ṣe ìlù fún un, ló lu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, orin kan ń fi ìrù kọ́ orí ìkejì, àwọn ohùn ègbè yẹn sì ń dáhùn bíi pé gbogbo àdúgbò ló wọnú sítúdíò. Ẹni tó bá mú orin kan péré níbẹ̀ ò tíì gbọ́ àwo yẹn. Lójú tèmi òun ló ṣì dáa jù nínú àwo tó ṣe. Lungu Boy tó ṣe ní 2024, àlejò ti pọ̀ jù, Stormzy àti Central Cee láti Lọ́ńdọ̀nù, Travis Scott láti Amẹ́ríkà, Ludmilla láti Bràsíl, kálukú gbé tiẹ̀ wá ilé onílé ń di ọjà. Àmọ́ nínú "Active" tí wọ́n ti mú ohùn Adéwálé Àyúbà àti Jazzman Ọlọ́fin látinú "Raise Da Roof", kíá ni ara mi dìde, ibẹ̀ gan-an lẹ̀jẹ̀ àwo yẹn wà.

Ìyẹn ló gbé wa dé ibi tó ṣe pàtàkì jù, ẹ bi ara yín pé irú orin wo lèyí, kí ló sì jẹ gbèsè ẹ̀? Ní ọjọ́ 22 November 2024, ọjọ́ kan náà ni GNX ti Kendrick Lamar, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ ráàpù, àti Morayo ti Wizkid jáde. Mo gbọ́ méjèèjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti Kendrick, ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wá ọ̀rọ̀ orin náà síwájú yín kẹ́ ẹ máa kà á tẹ̀ lé e, torí ráàpù tí ẹ ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ìlù nìkan lẹ gbọ́. Ohùn Deyra Barrera tó ń kọrin lédè Sípáníìṣì ló fi ṣílẹ̀kùn, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ti Wizkid kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ ìyá ẹ̀ tó kú ní 2023 ló fi sọ àwo yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń retí ẹkún, wọ́n wá bá ijó níbẹ̀, wọ́n ní kò ṣọ̀fọ̀ tó. Ẹ dákun, níbo la ti ń fi ẹkún nìkan sin ìyá tó fọmọ sáyé lọ? Ṣebí a máa ń dá aṣọ ẹbí, a máa ń se oúnjẹ, a máa ń pe onílù, ọmọ olóòkú á sì jó dáadáa, wọ́n á ná an lówó. Bí mo ṣe gbọ́ àwo yẹn nìyẹn, ó sì wọ̀ mí lára. Ibi tí mo ti bá a wí ni àárín ẹ̀, níbi tí orin ti jọra wọn jù, ìlù kan náà, ìrìn kan náà, tí mo fi ń wo aago.

Tó bá jẹ́ ohùn ni orin yẹn gbára lé, bíi Born in the Wild ti Tems, ẹ gbọ́ ọ lálẹ́ nígbà tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wá bàbá orin lọ, "Love Me JeJe" inú ẹ̀, Ṣèyí Ṣódímú ló kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ ní 1997, ẹ gbọ́ ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó sọ pé ti ìkejì dùn.

Orúkọ náà máa ń di gbèsè. Nígbà tí Adékúnlé Gold sọ àwo ẹ̀ ní Fuji ní 2025, ohun tí mo lọ wá ni onílù tó ń bá akọrin jiyàn. Orin tó dùn wà níbẹ̀ o, ohùn ẹ̀ sì mọ́, àmọ́ ìlù fúji tí orúkọ yẹn ṣèlérí ò kún tó bí mo ṣe fẹ́. Ká ní orúkọ míì ló fún un ni, mi ò bá má béèrè.

Èdè tí ẹ ò gbọ́ ńkọ́? Ẹ máa tẹ̀lé ìlù. Àwo tí Bad Bunny, akọrin ọmọ Puerto Rico, gbé jáde ní January 2025, DeBÍ TiRAR MáS FOToS, mi ò gbọ́ Sípáníìṣì, síbẹ̀ plena, orin ìbílẹ̀ wọn tó wà nínú ẹ̀, pè mí, ìlù ọwọ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní pandereta, àti salsa tí àwọn ọ̀dọ́ ilé-ìwé orin ní Puerto Rico lù sí i. Ọmọdé ló di ohun èlò baba ńlá wọn mú yẹn, mo sì ronú kan àwọn tó ń lu gángan nílé wa. Cowboy Carter ti Beyoncé náà, ẹ tẹ́tí sí banjo tí Rhiannon Giddens ta, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ló gbé irú ohun èlò yẹn dé Amẹ́ríkà, Linda Martell, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dá kọrin lórí Grand Ole Opry, ìtàgé orin country tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, sì wà níbẹ̀. Àmọ́ orin 27 ti pọ̀ jù, mo lè yọ bíi mẹ́jọ láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kẹ́ ẹ gbọ́ àwo kan, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́. Ẹ má kọ "ó dùn" sílẹ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó dùn, orin ìkẹta, ìṣẹ́jú kejì, ibi tí ègbè ti dákẹ́ tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dá kù. Ohun tí ẹ bá fẹ́ bá wí náà, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tó wà. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tún un kà láàárọ̀ pẹ̀lú orin yẹn létí, èyí tó bá ti di irọ́ níbẹ̀, ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi síta.