Ìrírí mi: bí gbèsè tí mo san díẹ̀díẹ̀ ṣe kúrò lára orúkọ mi ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé Ìlú Ọba ló gbà pé tí èèyàn bá ti bá àwọn tó jẹ lówó dúnàádúrà, tó sì ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, orúkọ ti mọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sísan gbèsè lọ́tọ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ (credit report, ìwé tí àwọn ayánilówó máa ń wò kí wọ́n tó yá èèyàn lówó) lọ́tọ̀. Ọdún 2017 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í san tèmi, mo san án tán ní 2022, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀.

Credit card méjì ni, pẹ̀lú overdraft (owó báńkì tí mo ná kọjá èyí tó wà nínú àkáǹtì mi) àti àga pálọ̀ tí mo rà láwìn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Ẹ̀yìn ń dùn mí, wákàtí iṣẹ́ mi dín kù, owó oṣù kò sì ká ìnáwó mọ́. Mo fi ibí dí ọ̀hún títí, kí n tó pe StepChange, àjọ aláàánú tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ onígbèsè. (Àwọn kan wà tó ń gba owó lórí iṣẹ́ kan náà yìí. Ẹ sá fún wọn.) Obìnrin tó gbé fóònù bi mí ní ìnáwó mi lẹ́sẹẹsẹ: owó ilé, council tax, iná àti gáàsì, oúnjẹ, owó ọkọ̀. Ó ní kí ìwọ̀nyẹn kọ́kọ́ yọ, torí àwọn lèèyàn ò ní san tí wọ́n á lé e jáde nílé tàbí kí wọ́n já iná rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni kí àwọn oníkáàdì pín. Nígbà tó bi mí pé owó wo ló ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan lóṣooṣù, mo ní àjọ ni. Ó ní kí n tún un sọ. Mo ṣàlàyé títí, bí a ṣe ń dá a, bí a ṣe ń kó o. Ẹnu yà á pé a ò kọ ìwé kankan.

Ohun kan tó ní kí n ṣe kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni pé kí n darí owó oṣù mi sí báńkì mìíràn tí mi ò jẹ lówó. Báńkì tí mo jẹ ní overdraft lẹ́tọ̀ọ́ láti fa owó rẹ̀ yọ níbẹ̀ bí owó oṣù bá ṣe ń wọlé.

Debt management plan ni wọ́n ń pe irú àdéhùn tí mo ṣe yìí. Kò ní òfin lẹ́yìn. Ẹni tí o jẹ lówó lè gbà láti dá èlé dúró, ó sì lè kọ̀. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú IVA, àdéhùn gbèsè tí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ìjọba tí gbogbo ayé lè kà. Láti oṣù karùn-ún 2021, ẹni tó wà ní England tàbí Wales tún lè gba Breathing Space, ọjọ́ 60 tí wọn ò ní fi èlé kún gbèsè, tí wọn ò sì ní rán agbowó sí i. Nígbà tèmi, kò tíì sí.

Ó wá kan àkọsílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ 3 ló ń tọ́jú rẹ̀: Experian, Equifax àti TransUnion. Òfin fún gbogbo èèyàn láyè láti gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni mo gbà, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń yáni lówó ló ń kọ̀wé sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbèsè kọ̀ọ̀kan ní àpótí kéékèèké, ọ̀kan fún oṣù kan. Odo ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ tí o bá san bó ṣe yẹ; tí o bá ti ń jẹ sílẹ̀, iye oṣù tí o jẹ sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Lára káàdì mi àkọ́kọ́, mo rí 0, 0, 0, lẹ́yìn náà 1, 2, 3, ń gorí ara wọn, lẹ́yìn náà default, ìyẹn ni pé wọ́n kọ ọ́ pé mo kùnà láti san gbèsè náà. Overdraft àti owó àga náà rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan mìíràn ló wà lára káàdì kejì. Nọ́ńbà ń gòkè, ó dé 6, lẹ́yìn náà àmì àdéhùn (pé mo ń san díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe jọ gbà), àmì àdéhùn, lóṣooṣù, títí dé ìparí. Kò sí default níbẹ̀ rárá.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní àwọn yìí ṣàánú mi. Ìgbà tí mo jókòó ṣírò ló yé mi. Gbèsè tí wọ́n bá ti kọ default sí, ọdún 6 ló máa lò láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, yálà o san án tán tàbí o ò san án tán. Tí ọdún náà bá pé, ó ti kúrò lára àkọsílẹ̀ nìyẹn (ṣùgbọ́n tí o bá ṣì jẹ, o ṣì jẹ). Èyí tí wọ́n bá kàn ń kọ àdéhùn sí, ó di ìgbà tí o bá san án tán kí òǹkà ọdún 6 tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ni pé àwọn mẹ́ta tó kọ default sí mi ní 2017 máa kúrò ní 2023, aláàánú mi yìí sì máa wà níbẹ̀ di 2028.

Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n kọ default sí mi lára, kí wọ́n sì fi déètì 2017 sí i. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ní, "Ṣé orí ẹ pé? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ya onígbèsè?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tó tọ́ ni." Ìlànà tí àwọn ayánilówó fúnra wọn ń tẹ̀ lé ni mo dì mú: tí gbèsè bá ti tó oṣù 3 tí wọn ò rí san, wọ́n lè kọ default, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì yẹ kó kọjá oṣù 6. Tèmi ti tó oṣù 6 kí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́, mo fi bírò pupa yí àwọn nọ́ńbà yẹn po.

Èsì àkọ́kọ́ ní àwọn ò lè ṣe é. Mo dá a padà gẹ́gẹ́ bí ìfẹ̀sùnkàn, mo sì kọ ọ́ sí i pé ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ní láti fèsì, tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, Financial Ombudsman, tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ owó, ló kàn. Èsì kejì gbà. Wọ́n kọ default náà, wọ́n sì fi déètì 2017 sí i. Ní 2023, òun àti àwọn mẹ́ta yòókù jọ kúrò.

Àwọn nǹkan kéékèèké kù. Ẹni tó ta àga fún mi gbà kí n san ìdajì, kó fi ìyókù jì mí. Mo gbà, ṣùgbọ́n partially settled (pé apá kan ni mo san) ni wọ́n kọ sí i, àwọn ayánilówó kan kì í sì í fẹ́ rí i. Wọ́n ní mo lè kọ àlàyé ti ara mi mọ́ àkọsílẹ̀ náà, kó má ju ọ̀rọ̀ 200 lọ. Mi ò kọ ọ́: àlàyé bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí wọ́n gbé ìwé rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí èèyàn á fi ráyè kà á. Ohun tó ṣe mí lóore ni pé mo fi orúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ sí i nítorí Commonwealth, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wò ó bóyá àdírẹ́sì rẹ jẹ́ òótọ́. Àjọ ní tirẹ̀, bó ti wù kí o máa dá a déédéé tó, kò sí níbìkankan nínú àkọsílẹ̀ náà.

Báńkì tí mo jẹ ní overdraft ṣì ń tọ́jú ìwé tirẹ̀ nílé, ọdún 6 kò kan ìyẹn. Nígbà tí mo tún fẹ́ gba káàdì, mi ò tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ wọn. Báńkì tí owó oṣù mi ń wọ̀ ni mo lọ bá.