Àṣìṣe tó ń jẹ owó àwọn tó ń gba pápákọ̀ òfurufú tuntun kọjá ní Ṣáínà

Pápákọ̀ òfurufú tí ẹ gbà kọjá ní Ṣáínà lọ́jọ́ kìíní àná, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tì í pa. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, pápákọ̀ 263 ló ń ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè náà, a ò tíì ka Hong Kong àti Macau mọ́ ọn. Síbẹ̀ wọn ò dáwọ́ dúró: wọ́n ń kọ́ tuntun, wọ́n ń ti ògbólógbòó, wọ́n ń fi tẹ́mínà kún tẹ́mínà, wọ́n sì ń pa orúkọ dà. Oníṣòwò tó ń ti Èkó bọ̀ á wá já sí àárín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tí kò kà. Àjèjì lójú, kò fi ríran, a gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì kò fara sin rárá. Àwa tí à ń tà á náà ò mọ́ nínú ẹ̀bi: a ó tẹ orúkọ ìlú, a ó mú èyí tó dínwó jù, a ó yọ èrè tiwa, ó tán.

1. Àṣìṣe kìíní ni kí ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí orúkọ ìlú. "Beijing" kì í ṣe pápákọ̀ kan. PEK, lẹ́tà mẹ́ta tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń pe pápákọ̀, ni Capital, ní apá àríwá ìlà-oòrùn. PKX ni Daxing, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Gúúsù ni ìyẹn wà, kìlómítà 46 sí gbàgede Tiananmen ní àárín ìlú, apá kan rẹ̀ tilẹ̀ wọ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Hebei. Shanghai ní Pudong, PVG, ní ìlà-oòrùn, ó tún ní Hongqiao, SHA, ní ìwọ̀-oòrùn. Chengdu ní Shuangliu, CTU, tó fara ti ìgboro, àti Tianfu, TFU, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, nǹkan bíi kìlómítà 50 sí àárín ìlú. Láti ọdún 2023, Tianfu ni bàálù èrò tó ń ti òkè òkun bọ̀ ń bà sí. Ẹni tó bá wá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àtijọ́, tó gba òtẹ́ẹ̀lì sẹ́bàá Shuangliu nítorí pé "kò jìnnà síbi bàálù," ó di dandan kó la ìlú já lóru. Ọkọ̀ ojú irin Line 19 ló so méjèèjì pọ̀, láti oṣù kọkànlá ọdún 2023.

2. Àṣìṣe kejì ni kí ẹ wá gbára lé lẹ́tà mẹ́ta nìkan. Níbòmíràn, lẹ́tà dúró, ilẹ̀ ló yí. TAO ni Qingdao ń jẹ́ nígbà tí pápákọ̀ Liuting wà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2021 wọ́n ti Liuting, gbogbo iṣẹ́ ṣí lọ sí Jiaodong lọ́jọ́ kan náà, nǹkan bíi kìlómítà 40 sí ìgboro. TAO náà ló ṣì ń jẹ́. KMG ti Kunming ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2012, nígbà tí Changshui gba ipò Wujiaba. Ti Urumqi ní tirẹ̀, orúkọ ló yí: Diwopu di Tianshan lọ́dún 2025, ibì kan náà ni. Nítorí náà ẹ má ka orúkọ pápákọ̀ lẹ́nu fún awakọ̀. Ẹ fi lẹ́tà Ṣáínà hàn án lójú fóònù. 首都 ni Capital, 大兴 ni Daxing. Nínú ariwo ọkọ̀, ìyẹn ò ṣeé ṣì gbọ́.

3. Àṣìṣe kẹta ni kí ẹ má wo nọ́ńbà tẹ́mínà. Ní Guangzhou, ọkọ̀ ojú irin Line 3 ní ibùdó méjì ní pápákọ̀ Baiyun: Airport South fún T1, ìyẹn tẹ́mínà kìíní, Airport North fún T2. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2025 wọ́n ṣí T3 pẹ̀lú ọ̀nà ìsáré bàálù karùn-ún. Apá ìlà-oòrùn ni T3 wà, ó yà sọ́tọ̀, kò sì sí èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ nínú ibùdó méjèèjì yẹn. Àwọn tó ti mọ Guangzhou bí ẹni mowó náà ni wọ́n ń ṣì í, torí ẹsẹ̀ wọn ti mọ T2. Xi'an rí bẹ́ẹ̀: T5 ṣí ní oṣù kejì ọdún 2025, Line 14 sì ní ibùdó tirẹ̀ fún T5, ó ní òmíràn fún àwọn T1, T2 àti T3. Ní Pudong, ilé ìwọkọ̀ kan wà tí wọ́n ṣí lọ́dún 2019 tó dá dúró sí àárín pápá. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé èèyàn dé ibẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò ara. Tí ẹ bá rí géètì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G tàbí H, ẹ má jókòó jẹun ní iwájú.

Ó yá, èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ló kàn: tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bá sí Beijing kan, tó sì gbéra ní Beijing kejì.

Íntánẹ́ẹ̀tì á gbé e jáde pé ó dínwó. Òótọ́ ni, ó dínwó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàálù balẹ̀ sí T3 ní Capital ní aago mẹ́fà àárọ̀. Èyí tó ń lọ Guangzhou yóò gbéra ní Daxing ní aago mọ́kànlá. Wákàtí márùn-ún, ẹ ti ń sọ pé ẹ ó tún ráyè mu tíì.

Kí ẹ tó kúrò nínú bàálù, kí ẹ tẹ ìka ọwọ́, kí ẹ tò lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, kí ẹ wọ ọkọ̀ kékeré tó ń ti ìdí T3 lọ sí iwájú rẹ̀: wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ó di aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹrù: tíkẹ́ẹ̀tì yín kò so pọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín gbé e dé iwájú. Ẹ ó dúró tì í níbi tó ti ń yí bírí, ogójì ìṣẹ́jú. Aago mẹ́jọ. Kọ́sítọ́ọ̀mù àti wíwá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wọ Capital Airport Express, 25 yuan. Yóò kọ́kọ́ dúró ní T2, ẹ má sọ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ̀ ní Sanyuanqiao, ẹ bọ́ sí Line 10, ẹ gùn ún dé Caoqiao. Àsìkò tí gbogbo Beijing ń lọ síbi iṣẹ́ nìyí o, àpótí méjì sì wà lọ́wọ́ yín. Láti Caoqiao, ọkọ̀ Daxing jẹ́ 35 yuan, ìṣẹ́jú 19. Ìyẹn nìkan ló yá nínú gbogbo ìrìn náà. Àròpọ̀ tọkọ̀ tẹsẹ̀ tàtẹ̀gùn: wákàtí méjì gbáko.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàálù abẹ́lé máa ń ti káńtà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kí ó tó gbéra. Bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń kan ẹnu ọ̀nà Daxing ni wọ́n ń ti káńtà. Bẹ́ẹ̀, a ò tíì fi ìdádúró kankan kún un. Ká ní bàálù àkọ́kọ́ fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí láti òkè. Kò sì sẹ́ni tó jẹ yín ní gbèsè: ẹni tó gbé yín dé ti gbé yín dé, ẹni tí ẹ ò bá sì ní ẹ ò wá. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà gan-an lẹ ó rà, iye tí wọ́n bá pè lẹ ó san. Táksí láàárín méjèèjì ju 200 yuan lọ, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò sì mọ̀ pé ẹ sanwó.

Tó bá tún jẹ́ pé Japan tàbí Korea lẹ ń lọ, tí ẹ ò ní físà Ṣáínà ńkọ́? Láti Capital dé Daxing, inú ìlú lẹ máa gbà, ẹ ó wọ Ṣáínà nìyẹn. Ìyọ̀ǹda wákàtí 240 láti gba Ṣáínà kọjá láìní físà, tí wọ́n ń polówó kiri, ìwé ìrìnnà Náìjíríà kò sí lára àwọn tó kàn. Láti Èkó gan-an ni wọ́n ti lè dá yín dúró.

Ohun tó yẹ: tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí lẹ́tà mẹ́ta ibi tí ẹ bà sí àti ti ibi tí ẹ ti ń gbéra bára mu. Tàbí kí ẹ wá bàálù tó ń bà sí CAN, Guangzhou, tààrà. Tí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ sun oorun kan ní Beijing.

Ti Shanghai rọrùn díẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin kan ń ti Hongqiao lọ sí Pudong ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, 26 yuan. Line 2 ṣì wà, ṣùgbọ́n gbogbo ibùdó ló ń dúró. Maglev, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ti Pudong tí gbogbo èèyàn fẹ́ fi ya fọ́tò, 50 yuan, kò wọ ìgboro: Longyang Road ló ń parí sí, ẹ ó tún wọ ọkọ̀ míì.

Ẹ má gba Hong Kong tìtorí pé ó súnmọ́ Guangzhou. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ìsáré mẹ́ta ló ń lò láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, bàálù sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Náìjíríà nílò físà Hong Kong lọ́tọ̀, físà Ṣáínà kò ṣí i. Tí físà Ṣáínà yín bá sì jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ti lò ó tán lọ́jọ́ tí ẹ bá ti Shenzhen kọjá sí Hong Kong lọ wo ọjà. Ẹrù yín á wà ní Guangzhou, ẹ̀yin á wà lódì kejì.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ń sùn o, púpọ̀ nínú wọn ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́.

Ẹni tó bá pè yín ní "táksí, táksí" nínú gbọ̀ngàn, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ tò níta.

Ẹ má sanwó òtẹ́ẹ̀lì lórí àwòrán pápákọ̀ tí wọn ò tíì ṣí. Ìlú Xiamen ń kọ́ pápákọ̀ Xiang'an sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi dí òkun nítòsí Dadeng, torí Gaoqi, ti àtijọ́ tó wà lórí erékùṣù, ní ọ̀nà ìsáré kan péré, kò sì ráyè fẹ̀. Dalian náà ń kọ́ Jinzhouwan sórí ilẹ̀ àtọwọ́dá tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 20 km² lápapọ̀. Kí tíkẹ́ẹ̀tì yín tó kọ orúkọ tuntun yẹn, ti àtijọ́ lẹ ń lọ.

Ẹ̀yin tó ń kó ẹrù, Ezhou ní Hubei, tí wọ́n ṣí lóṣù keje ọdún 2022, ẹrù ni wọ́n kọ́ ọ fún ní pàtàkì. Àwọn kan ti gbọ́ ọ, wọ́n fẹ́ kí éjẹ́ǹtì fi páálí wọn gba ibẹ̀. Láti Guangzhou dé Ezhou ju kìlómítà 800 lọ, ọkọ̀ ilẹ̀ ni yóò sì gbé e lọ. Ẹ wo ìwé ẹrù bàálù, níbi tí wọ́n kọ pápákọ̀ ìgbéra sí, kí ẹ tó sanwó. Tí kì í bá ṣe CAN tí ẹ jọ sọ, ẹ béèrè ẹni tó ń san owó ọkọ̀ ilẹ̀ náà nígbà tí páálí ṣì wà ní wíà-háòsì, torí tó bá ti gbéra tán, orúkọ yín ni wọ́n máa kọ ọ́ sí.